Kan-Igi-Wò Lọ Ra Sípíkà

Káfíńtà ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin. Kan-Igi-Wò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ohun tí wọ́n fi igi ṣe tí kì í fi ìka kàn wò kó tó gbà pé nǹkan gidi ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé àna rẹ̀, tábìlì wọn ló kàn kó tó kí wọn, ó ní kòkòrò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n fún un níyàwó. Mi ò mọ ohun tó ń ṣe wọ́n.

Ìyàwó náà, Àǹtí ni mo ń pè é, ti wá di ẹrù rẹ̀ sínú báàgì báyìí, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti fi orin sí ẹ̀rọ, fèrèsé á máa gbọ̀n, àwo á máa jó nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Àǹtí sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ó ní bí ariwo yẹn ò bá dáwọ́ dúró, ilé àbúrò òun lòun ń lọ.

“Sípíkà ló ti gbó,” ni Kan-Igi-Wò wí. “Bí èèyàn ò bá yí i sókè, kò lè gbọ́ nǹkan kan.”

Ẹni tó ti dúró ti ariwo ẹ̀rọ ìlagi láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ó ní kí n wá gbé àwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kì í ṣe ọgbọ́n mi ló nílò, mọ́tò mi ni.

Obìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà fi oríṣi mẹ́ta hàn wá. “Bàbá, bí pálọ̀ yín bá fẹ̀, àwọn gíga tó dúró nílẹ̀ yìí ló dáa. Àwọn kékeré yìí, orí ṣẹ́ẹ́fù ni wọ́n ń gbé e sí, ohùn olórin á sì hàn ketekete. Ẹni tó bá fẹ́ kí ilẹ̀ máa mì ló ń ra oníbẹ́ẹ̀sì yìí.”

Kan-Igi-Wò ò tilẹ̀ wo ẹnu rẹ̀. Ó ń kan igi kiri. “Ẹ̀rún igi ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀ ṣe èyí,” ló wí.

“Ṣé ẹ fẹ́ jókòó lé e ni?” ni Àǹtí bi í. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi orin sí i, jàre.”

Wọ́n fi orin sí oníbẹ́ẹ̀sì, Kan-Igi-Wò mi orí pé rárá. Wọ́n fi sí àwọn gíga, ó tún mi orí. Ó wá kan àwọn kékeré, ojú rẹ̀ là. “Igi gidi rèé!” Obìnrin náà tẹ bọ́tìnnì, iná ẹ̀rọ tàn, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti gbàgbé láti ki wáyà bọ ẹ̀yìn sípíkà. Bí mo ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ni mo rí i tí Kan-Igi-Wò di ojú, tó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀.

“Ẹ gbọ́ ohùn olórin yẹn! Ẹ gbọ́ bó ṣe mọ́ gaara!”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo gbójú sókè, mò ń wo àjà. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù ń fi ìborùn rẹ̀ bo ẹnu. Mo rò pé Àǹtí máa rọ̀jò èébú lé ọkọ rẹ̀ lórí ni, torí obìnrin yẹn mọ èébú. Ṣùgbọ́n ńṣe ló lọ dúró síwájú rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án títí tó fi la ojú.

“Kò tíì dún,” ló wí.

“Kí ni kò tíì dún?”

“Sípíkà. Wáyà rẹ̀ ló wà nílẹ̀ yìí.”

Ó wo wáyà náà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí sípíkà náà, kò sì gbé e kúrò. Ojú tì mí pé mo rẹ́rìn-ín.

“Àtìgbà wo ni etí mi ti ń di?” ló bi ìyàwó rẹ̀.

“Mi ò mọ̀.” Àǹtí sún mọ́ ọn. “Orin tí mo máa ń kọ ní kíṣìn láàárọ̀, ẹ máa ń gberin láti yàrá. Nígbà tí ẹ ò gberin mọ́, mo rò pé mo ti sú yín ni.”

Kan-Igi-Wò gbé etí sí ẹnu rẹ̀. “Kọ ọ́.”

“Níbí?”

“Kọ ọ́, mo ní.”

Àǹtí kọ ọ́ láàárín ṣọ́ọ̀bù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa pariwo. Kan-Igi-Wò gberin níbi tí kò yẹ, ohùn rẹ̀ burú jáì. Àǹtí ń sunkún, ó sì ń kọ ọ́ lọ.