Ọjọ́ tí Remei àti Eudald Lọ Wo Ìlú Abẹ́ Ilẹ̀

Àárín Barcelona ni wọ́n bí Remei sí, ẹja ló sì tà níbẹ̀ títí ó fi darúgbó, síbẹ̀ kò wọ mùsíọ́mù tí wọ́n ń kó ohun ìtàn ìlú náà sí rí. Ó ní àwọn àjèjì ló ni ín. Àfìgbà tí Eudald, atúnaagoṣe àdúgbò, bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn jọ lọ lọ́jọ́ Àìkú kan. Ìyàwó Eudald ti kú, ọkọ Remei náà ti kú. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ńṣe ni Remei ń wọ aṣọ, tó ń bọ́ ọ, bí ọmọge.

Nínú mùsíọ́mù náà, ẹ̀rọ gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ ilẹ̀, ìlú àwọn ará Róòmù àtijọ́ sì tẹ́ sílẹ̀ níwájú wọn: ògiri wíwó, òpópónà, ojú gọ́tà. Remei di apá Eudald mú lórí afárá irin tí wọ́n ń gbà kọjá lókè àwókù náà, ó ní òyì ń kọ́ òun. Eudald kò bi í pé òyì kí ni.

Níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ láyé ọjọ́un, wọ́n kà á lára ògiri pé ìtọ̀ ni alágbàfọ̀ fi ń fọ̀ ọ́. Remei ní ká ní ìyá ọkọ òun gbọ́ ni, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tọ̀ dànù nílé mọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí obìnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi fojú kọ̀rọ̀ wò wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dé ibi àwọn kòtò tí wọ́n ti ń fi ẹja sínú iyọ̀, Remei wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun kì í fẹ́ súnmọ́ èèyàn, nítorí òórùn ẹja kò kúrò lọ́wọ́ òun rí. Eudald gbé ọwọ́ náà símú níṣojú gbogbo èèyàn.

“Òótọ́ ni, ó ń rùn.”

“Mo sọ fún ọ.”

“Kòtò yìí náà rùn nígbà kan. Tìrẹ á lọ tó bá di ẹgbẹ̀rún ọdún méjì. Màá dúró.”

“Ìwọ tí orúnkún rẹ ò lè dúró de bọ́ọ̀sì?”

“Ìyẹn ni mo ṣe ní ká fẹ́ra wa, kí n lè máa jókòó dúró.”

Ẹ̀rín pa Remei débi pé obìnrin aṣọ́lé yẹn sáré wá. Remei fi ẹjọ́ sùn ún pé ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ òun.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ gbà fún wọn,” ni aṣọ́lé wí, “kí ibí lè parọ́rọ́.”

Remei gbà.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n bá àwọn èèyàn tó ń jó sàdánà, ijó ìlú wọn tí wọ́n ń di ara wọn lọ́wọ́ mú jó yíká, níwájú kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà, àpò wọn wà nílẹ̀ láàárín agbo. Remei ju tirẹ̀ sí i, ó fa Eudald wọ agbo. Eudald ń ṣi ẹsẹ̀ gbé, Remei ń fò bí ewúrẹ́. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, tí wọ́n ṣì di ara wọn lọ́wọ́ mú, kí Remei tó rántí pé òun fi àpò òun sílẹ̀ láàárín agbo.