Ọ̀pá Tí Kò Dé Ìsàlẹ̀

Ẹ-wọ̀n-ọ́n-ná ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá tó ń ta nǹkan àtijọ́ ní ìkángun òpópónà, orúkọ náà sì bá a mu bí ẹ̀wù tí wọ́n rán mọ́ ọn lára. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́. Lọ́wọ́ ọ̀tún ni owó ẹyọ àtijọ́ wà nínú àwo pẹlẹbẹ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ nù wọ́n, nítorí owó àtijọ́ tí a bá fi aṣọ bó dán ti sọ ìdajì iye rẹ̀ nù. Lọ́wọ́ òsì, ìbọn ṣakabùlà mẹ́tàdínlógún rọ̀ sára ògiri. Lẹ́yìn pátápátá, lẹ́bàá fèrèsé, ìyàwó rẹ̀ ń tún ẹ̀gbà ọrùn àti yẹtí wúrà ṣe.

Ìbọn kan kì í gun ògiri yẹn kí bàbá má wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá irin kan ló ń lò. Yóò kọ́kọ́ gbé e lé ara ìbọn lóde, láti ẹnu dé ìdí ihò, yóò fi ẹfun sàmì sí i, yóò wá tì í bọnú. Bí àmì bá bá ẹnu ìbọn dọ́gba, ìbọn ṣófo. Bí ọ̀pá bá dúró lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé ẹ̀tù àti ọta tí ẹnì kan kì sínú rẹ̀ láyé àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó sì lè pààyàn. Tó bá ti yọ ọ́ tán ni yóò kọ "A ti wọ̀n ọ́n" sí páálí kékeré, yóò fi òwú so ó mọ́ ìbọn náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ìbọn ló pa ẹ̀gbọ́n náà ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sẹ́yìn, nínú ṣọ́ọ̀bù yìí kan náà. Àwọn èèyàn ní ìgbàgbé ni, pé kò wọn èyí tó ń nù lọ́wọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, bàbá fẹ́ opó rẹ̀. "Àǹtí" ló ń pè é nígbà tó jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n. Títí dòní, ó ṣì máa ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀, obìnrin náà á sì dáhùn pé, "Ọkọ mi kékeré, kí lo tún sọnù?" Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín.

Ojú obìnrin yìí ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ìpẹ́ ti bo méjèèjì. Ìka ló fi ń ṣiṣẹ́ báyìí. Dókítà ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù tó parí, owó rẹ̀ sì tó iye ìbọn rere kan. Ìbọn rere náà kúkú dé, nínú ẹrù òkú kan tí bàbá rà lápapọ̀. Ó tú aṣọ tí wọ́n fi wé e, ó rí òrùka idẹ mẹ́ta lọ́rùn ìbọn náà. Ìbọn tó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n owó lowó ń jẹ́. Oníbàárà kan tó ń kọ́ ilé fẹ́ gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, iye tó dá sì tó ojú méjèèjì. Wọ́n fi sí ọjọ́ Ẹtì. Bàbá wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá dúró, ó ku ìbú ọwọ́ kan. Ó yọ ẹ̀tù, ó yọ ọta, ó yọ páálí rírún tí wọ́n fi dí wọn. Ó kó ọta àti páálí fún ìyàwó rẹ̀ sínú agolo, nítorí obìnrin náà ń ta òjé fún àwọn apẹja. Ìbọn ṣófo.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó tún wọ̀n ọ́n. Ọ̀pá dúró síbi tó dúró sí tẹ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn wà ní títì, ọrùn bàbá ni kọ́kọ́rọ́ sùn. Ó yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó na páálí náà lórí tábìlì. "A ti wọ̀n ọ́n." Ọwọ́ tirẹ̀ ni, ọwọ́ ìgbà tó wà lọ́dọ̀ọ́.

"Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀?" ìyàwó rẹ̀ bi í láti ìdí fèrèsé.

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan, ohùn ń gbọ̀n?"

Oníbàárà dé, bàbá ní kó padà lọ. Ó tún wá lọ́jọ́ Ajé, bàbá tún bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ìbọn ni mo fẹ́ rà o, kì í ṣe ọmọ yín ni mo fẹ́ fẹ́!"

Àárọ̀ márùn-ún, kíkì márùn-ún, páálí márùn-ún. Bàbá ṣírò rẹ̀. Tó bá tà á, ìbọn yóò máa ki ara rẹ̀ lórí ògiri onílé, àwọn ọmọ yóò sì máa ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá tà á, ojú ìyàwó rẹ̀ lọ. Tí ojú náà bá sì là, agolo ni yóò kọ́kọ́ ṣí. Ó na ọwọ́ sí agolo láti sun páálí wọ̀nyẹn. Ọwọ́ obìnrin náà ti wà lórí rẹ̀.

"Fi sílẹ̀. Ìka mi ti kà á. Bí ẹní ń kan ìṣó ni o ṣe máa ń tẹ kálámù. Ọkọ mi tó kú kì í kọ̀wé bẹ́ẹ̀."

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n òun kú, eré bọ́ọ̀lù ló ń kán òun lójú, òun kọ páálí láìwọn ìbọn. Ẹ̀gbọ́n òun ka páálí, ó gbà á gbọ́.

"Wọn ò bá páálí kankan lára ìbọn náà. Ta ló gé e?"

"Èmi ni."

"Níbo lo gbé e sí?"

"Mo gbé e mì, Àǹtí."

Obìnrin náà kò pè é ní ọkọ kékeré.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀pá tún dúró. Kò sí ẹ̀tù, kò sí ọta. Páálí kan ṣoṣo ló jáde, tuntun, tòun ti òwú rẹ̀, kò sí ohun tí wọ́n kọ sí i. Ó tutù, ó ń yọ̀, bíi pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́ jáde lẹ́nu ni. Ìyàwó gbà á, ó fi ìka tọ́ ọ wò lójú àti lẹ́yìn.

"Kọ ọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n wọ̀n ọ́n ná."

Ó di ọ̀pá mú pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀pá lọ, ó lọ, ó kan ìsàlẹ̀. Àmì bá ẹnu dọ́gba. Bàbá wá kọ ọ́, kò tẹ kálámù. Ní ọ̀sán, oníbàárà san owó, ó gbé ìbọn lọ.

Iṣẹ́ abẹ yọrí sí rere. Ọjọ́ tí wọ́n tú ojú rẹ̀, obìnrin náà kò wo wúrà, kò wo ojú ọkọ. Ó mú ọ̀pá, ó wọn ìbọn mẹ́tàdínlógún lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá sì dúró tì í tòun ti ẹfun lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é láràárọ̀ títí di ìsinsìnyí: bàbá á wọ̀n, òun náà á wọ̀n tẹ̀lé e.