Ikọ́ Aago Mẹ́rin

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé inú àjà ilé onílé ló ti ń jẹun. Oníbúrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é, torí búrọ́ọ̀ṣì kan tó máa ń gbé kọ́ èjìká, tí igi rẹ̀ gùn ju ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀nà atẹ́gùn ló ń fọ̀, ìyẹn àwọn páìpù pánù ńláńlá tó gba inú àjà àwọn ilé àtijọ́ kọjá, tí ẹ̀rọ kan ń fẹ́ atẹ́gùn tútù gba inú wọn lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ilé àtijọ́ pọ̀ ládùúgbò náà, ọ̀rinrin sì pọ̀ ju ilé lọ. Bàtà téèyàn bá bọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn lọ́jọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti hu irùngbọ̀n. Bí bàtà bá ń hu irùngbọ̀n, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ bi mí léèrè ohun tó ń hù nínú páìpù tí wọn ò yọjú wò láti ogójì ọdún.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í bo imú. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kì í bò ó, òun náà kò bò ó. Ó ní ẹni tó bá fi aṣọ dí imú kò ní í gbóòórùn ibi tí ewú dúdú, irú èyí tó ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu, fara pamọ́ sí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò ní í lè ṣe ìdánwò. Ìdánwò yìí ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Bó bá ti fọ páìpù tán, yóò ní kí onílé lọ dúró nídìí ojú atẹ́gùn tó jìnnà jù, bóyá nílé ìdáná, kó gbé etí sókè. Òun yóò ki orí bọ páìpù lókè àjà, yóò sì wúkọ́ sínú rẹ̀. Bí ikọ́ náà bá jáde gaara nílé ìdáná, páìpù ti mọ́. Bó bá jáde bí ìgbà téèyàn ń wúkọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí, iṣẹ́ ṣì kù. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tipátipá ló fi ń wá ikọ́ náà jáde. Nígbà tó yá, ikọ́ ń wá fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé a ránṣẹ́ pè é, inú Oníbúrọ́ọ̀ṣì sì dùn, ó gbà pé bí iṣẹ́ ṣe ń mọ́ èèyàn lára nìyẹn. Àwọn oníbàárà pàápàá ń yìn ín. "Ikọ́ yín yìí lágbára o," ni wọ́n máa ń wí, òun náà á sì fi ọwọ́ gbọn ẹ̀wù rẹ̀ bí akọrin tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún.

Ilé kan ṣoṣo ni kò tíì ráyè fọwọ́ kàn, ilé àna rẹ̀.

Ìyá Tẹ́lọ̀ ni ìyá ìyàwó rẹ̀. Ó ti fi ogójì ọdún ránṣọ fún àwọn èèyàn, ilé rẹ̀ ló sì pẹ́ jù lójú títì náà. Ọkọ rẹ̀, tó máa ń tún aago ṣe, ti kú láti ọdún mẹ́fà. Ikọ́ ló pa á. Bàbá lọ, ṣùgbọ́n ikọ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá máa ń tan ẹ̀rọ atẹ́gùn nígbà ayé rẹ̀, aago mẹ́rin géérégé náà ni opó rẹ̀ ń tàn án. Bí ẹ̀rọ bá ti lọgun, ojú atẹ́gùn tó wà lókè àga olóògbé ní pálọ̀ yóò wúkọ́: kọ́hù, kọ́hù, kọ́hù. Yóò dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀kan gbọọrọ á wá tẹ̀lé e, torí eégún ńlá níí kẹ́yìn ìgbàlẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Ìyá Tẹ́lọ̀ á wí.

Ife omi kan wà lórí tábìlì kékeré lábẹ́ ojú atẹ́gùn náà, ojoojúmọ́ ló ń pààrọ̀ omi inú rẹ̀. Àlejò tó bá bá ikọ́ pàdé kò gbọdọ̀ dákẹ́. Ọkùnrin tó ń wá wo mítà iná, tí kò fojú kan Bàbá rí láyé, ti mọ̀ pé òun gbọ́dọ̀ sọ pé "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà" kí òun tó kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Àfi bí àyà Ìyá Tẹ́lọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dún bíi fèrè tó ya. Dókítà ya àwòrán àyà rẹ̀, ó wò ó títí, ó béèrè irú ilé tó ń gbé. Nígbà tó gbọ́, ó mi orí.

"Mà, ilé yín ló ń pa yín lọ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ọ̀nà atẹ́gùn yẹn, tàbí kí ẹ kó kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lo òjò tó ń bọ̀ yìí nínú ẹ̀, mi ò fọwọ́ sọ̀yà o."

Ìyá Tẹ́lọ̀ ní òun ò ṣe méjèèjì. "Kí n kó lọ síbo? Kó wá máa wúkọ́ fún ta ni? Àbí ẹ fẹ́ kí n ní kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ọkọ mi jáde nílé tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ́?"

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí omi fi gbẹ lójú rẹ̀. Nígbà tí gbogbo ẹ̀bẹ̀ tán, Oníbúrọ́ọ̀ṣì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nídìí iṣẹ́ yẹn kò sọ rí.

"Màámi, màá fọ gbogbo ẹ̀, mi ò ní fọwọ́ kan ikọ́."

Ìyá Tẹ́lọ̀ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Eruku ńkọ́?"

"Màá kó o."

"Ewú ńkọ́?"

"Màá ha á kúrò pátápátá."

"Eku tó bá kú síbẹ̀?"

"Màá kó o tòun tìrù ẹ̀."

"Ikọ́?"

"Ikọ́ ń bẹ níbi tó wà, Màámi."

Kò gbà á bẹ́ẹ̀ lásán. Ó ránṣẹ́ pe Tíṣà, obìnrin ẹni àádọ́rin ọdún tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Tíṣà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó fa ìlà pupa sábẹ́ "ikọ́", Oníbúrọ́ọ̀ṣì sì tọwọ́ bọ̀wé.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà. Àpò dúdú mọ́kànlá ló gbé jáde. Ó rí ìtẹ́ ẹyẹ tí kò sí ẹyẹ nínú rẹ̀, ó rí òòyà Bàbá, ó sì rí ìwé kan tí wọ́n ṣẹ́ ní ìṣẹ́po mẹ́jọ. Èsì ìdánwò ìyàwó rẹ̀ ni, láti ìgbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá. Ìṣirò: mẹ́tàlá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyá Tẹ́lọ̀ wọ awò ojú rẹ̀, ó kà á tán, ó ní kí ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀.

"O ní wọn ò tíì fún yín!"

"Màámi, ó ti pé ọdún márùndínlógójì."

"Mẹ́tàlá!"

Níbi tí wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ìyẹn lọ́wọ́ ni Oníbúrọ́ọ̀ṣì ti rí ikọ́ náà lókè. Pánù pẹlẹbẹ kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síkúrù kan ṣoṣo ló dì í mú nínú páìpù. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ lù ú ló ń gbọ̀n. Oníbúrọ́ọ̀ṣì bọ́ fìlà rẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ló wí, ó sì gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbálẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Ewú kan tó tóbi bíi búrẹ́dì tí a rẹ sómi ló wà lábẹ́ pánù náà. Ìyẹn ló ha kúrò, torí ìwé tí Tíṣà kọ sọ pé kó ha ewú kúrò. Àdéhùn ló tẹ̀ lé, ẹ má dá a lẹ́bi. Kò mọ̀ pé ewú yẹn gan-an ni ọ̀fun tí pánù náà fi ń wúkọ́.

Aago mẹ́rin lù. Ìyá Tẹ́lọ̀ tan ẹ̀rọ, gbogbo wọn gbójú sókè.

Ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́.

"Ta ló ń fi ṣíbí ro ṣúgà nínú ife?" ni Ìyá Tẹ́lọ̀ béèrè.

Kò sẹ́ni tó ń ro ṣúgà. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá Tẹ́lọ̀ yí àga rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ó ní òun ò jẹun, òun ò sì ní í fẹnu kan oògùn dókítà títí ikọ́ yóò fi padà dé. Ìyàwó Oníbúrọ́ọ̀ṣì fà á sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ dá ikọ́ bàbá mi padà. Ẹ má jẹ́ kí màámi kú mọ́ mi lọ́wọ́."

Bí ọkùnrin tó ti ń lé ikọ́ jáde nílé àwọn èèyàn láti ogún ọdún ṣe di ẹni tó ń wá ikọ́ kiri nìyẹn. Ó fi awọ bàtà dí abẹ́ pánù náà, ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ. Ìyá Tẹ́lọ̀ kò tilẹ̀ yíjú padà. "Ewúrẹ́ nìyẹn," ló wí. Ó fi kànrìnkàn tútù sí i. "Èyí dà bíi ti àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà tí wọn ò dá lóhùn." Tíṣà, tó ti gbé àga wá láti ilé rẹ̀, tó sì mú bírò pupa dání, fún un ní ogójì. Ó fi òwú sí i. "Ìyẹn ò wúkọ́, ó sín ni," ni Tíṣà wí. "Òdo." Ó gé ìdajì sálúbàtà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìyá Tẹ́lọ̀ gbé orí díẹ̀. "Ó sún mọ́ ọn. Àmọ́ Bàbá kì í bínú wúkọ́." Márùndínlọ́gọ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin, òjò ṣú. Oníbúrọ́ọ̀ṣì ń gbọ́ bí àyà àna rẹ̀ ṣe ń dún láti orí àjà níbi tó dùbúlẹ̀ sí, ẹ̀rù sì bà á gan-an. Ó ti lo gbogbo ohun tó mọ̀. Ó tún síkúrù yẹn dè, ó tú u, ó gbé orí lé etí páìpù. Bóyá àárẹ̀ ni, bóyá ogún ọdún iṣẹ́ ni, kò mọ ìgbà tó ṣe ìdánwò. Kọ́hù, kọ́hù, kọ́hù. Ó gbìyànjú láti dá a dúró. Ọ̀kan gbọọrọ tẹ̀lé e, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa ìfun rẹ̀ jáde.

Tíṣà fò dìde ní pálọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Tíṣà wí, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ọgọ́rùn-ún! Ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún!"

Ayọ̀ kún Oníbúrọ́ọ̀ṣì lókè níbẹ̀. Ó ti pinnu lójú ẹsẹ̀ pé títí ọjọ́ ayé, aago mẹ́rin kò ní í bá òun níbòmíràn ju inú àjà yìí lọ. Ó ń dúró kí Ìyá Tẹ́lọ̀ kí ikọ́ náà. Ìyá Tẹ́lọ̀ kò kí i.

"Oníbúrọ́ọ̀ṣì," ni ohùn rẹ̀ gba páìpù wá, "ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi kọ́ o, Màámi."

"Ta wá ni?"

"Pánù ni, Màámi."

"Ó dáa. Pánù, tún un wú."

Kò fẹ́ wú u. Àmọ́ ikọ́ kì í gbàṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Mẹ́ta kúkurú, ìdákẹ́jẹ́, gbọọrọ kan.

"Sọ̀ kalẹ̀," ni Ìyá Tẹ́lọ̀ wí.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó dúdú láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ìyá Tẹ́lọ̀ ti yí àga rẹ̀ padà kúrò lára ògiri.

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbọ́ ikọ́ yẹn nínú ilé yìí kó tó mú olówó orí mi lọ. Kúkurú mẹ́ta ló kọ́kọ́ jẹ́. Lọ́jọ́ tí gbọọrọ yẹn dara pọ̀ mọ́ ọn, ọdún méjì ló kù. Ìgbà wo ni tìẹ ti ní gbọọrọ?"

Oníbúrọ́ọ̀ṣì rẹ́rìn-ín. "Màámi, ti iṣẹ́ ni. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ti fọwọ́ bo ẹnu. Obìnrin tó gba mẹ́tàlá nínú ìṣirò ti ń ṣírò, kò sì ṣì í. "Òjò tó kọjá," ló wí. "Ó ti lé lọ́dún kan, Màámi. Mo ń gbọ́ ọ lórí ibùsùn, mo rò pé ó ń dánra wò ni."

Ìyá Tẹ́lọ̀ dìde. Ó rìn lọ sídìí tábìlì kékeré, ó gbé ife omi tí ẹnikẹ́ni kò mu láti ọdún mẹ́fà, ó sì gbé e fún ọkọ ọmọ rẹ̀.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Mu ún. Ọ̀kan ti tó mi láyé."

Ó mu ún tán. Ìyá Tẹ́lọ̀ náà béèrè oògùn rẹ̀, ó gbé e mì lójú gbogbo wọn, ó ní bí òun bá ti mu tòun, kò sẹ́ni tí kò ní í mu tiẹ̀ nínú ilé yìí. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ yọ pánù yẹn kúrò. Oníbúrọ́ọ̀ṣì gbé ẹsẹ̀ lé àkàbà, Ìyá Tẹ́lọ̀ pariwo mọ́ ọn pé kó má dán an wò. Tíṣà ló ká ìró rẹ̀ sókè, tó so gèlè mọ́ imú, tó gun orí àjà lọ pẹ̀lú àádọ́rin ọdún rẹ̀.

Dókítà kan náà ló ya àwòrán àyà Oníbúrọ́ọ̀ṣì. Ó ní ilé àwọn ẹlòmíràn ló kún inú rẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tíì kọjá àtúnṣe. Oògùn oṣù púpọ̀ ni, kó sì máa bo imú. Oníbúrọ́ọ̀ṣì ń bò ó báyìí. Ó lẹ awọ bàtà padà mọ́ pánù àna rẹ̀, ó so ó mọ́ fáànù kékeré oníbátìrì, ìyẹn ló fi ń ṣe ìdánwò. "Ewúrẹ́ ni mo gbọ́ o!" ni àwọn onílé ń pariwo láti ilé ìdáná. "Ó ti mọ́ nìyẹn, Mà," ni òun ń dáhùn.

Ní gbogbo aago mẹ́rin, ibi yòówù kó wà, fóònù rẹ̀ yóò dún. "Wúkọ́ kí n gbọ́," ni Ìyá Tẹ́lọ̀ á wí, òun á sì yọ ìbòmú, á wú u láàárín àjà onílé. Tíṣà á fún un ní máàkì. Ọgọ́rin. Àádọ́ta. Ọgbọ̀n, lóṣù kẹta.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí òjò ti lọ, fóònù dún, ó yọ ìbòmú, ó fa èémí. Kò sí nǹkan kan. Ó tún un fà.

"Màámi, kò jáde."

Ó ń gbọ́ ẹ̀rọ atẹ́gùn pálọ̀ Ìyá Tẹ́lọ̀ tó ń fẹ́ geere, kò sì sí ohun tó ń wúkọ́ níbẹ̀ náà. "Òdo," ni Tíṣà wí lẹ́yìn.

"Pẹ̀lẹ́, Bàbá," ni Ìyá Tẹ́lọ̀ wí.

Oníbúrọ́ọ̀ṣì mọ̀ pé òun kọ́ ni wọ́n ń kí. Ó bo imú rẹ̀ padà, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.