Ìró Funfun Lára Ìrókò

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí ìyá yín kò tíì mọ bàbá yín rí, ìrókò pọ̀ nínú igbó tó yí oko wa ká lọ́nà Ìpara. Èyí tó tóbi jù dúró sáàárín igi obì bàbá mi. Bí ẹyin àwòdì bá yẹ̀ lórí rẹ̀, kí ó tó dé ilẹ̀ ó ti pa, ọmọ inú rẹ̀ á sì fò padà lọ bá ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gùn ún lọ wò.

Nígbà tí a fi máa wọ àwọn ọdún 1990, gbogbo àwọn yòókù ti di pákó, ó ku ẹyọ kan yẹn. Àwọn agégẹdú bá dé, wọ́n ní àwọn ti gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, ó di ọjọ́ Mọ́ńdè kí àwọn wá gé e. Ibi yòówù kí ó wó sí, orí obì ni, obì yẹn la sì fi ń jẹun. Láti ọjọ́ náà, ìdí mi kò balẹ̀. Mo lọ sóko, mo padà, mo tún lọ.

Nígbà tó di Sọ́ńdè, mo yọ ìró funfun tí ìyàwó mi, ọmọ ìjọ tó ń pa Sábáàtì mọ́, fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sátidé, mo lọ ró o fún ìrókò. Kò yí i ká dé ìdajì. Okùn ni mo fi gbà á mú. Mo da epo sídìí rẹ̀.

Bí àwọn agégẹdú ti rí i, ọ̀gá wọn ṣí fìlà. Ó béèrè ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní a kì í dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán. Wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn, wọ́n lọ.

Ìyàwó mi wá ìró rẹ̀ títí, mo bá jẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní igi lásán ni, ká lọ tú u. Nígbà tí a débẹ̀, ẹnìkan ti gbé ẹyin àti obì sídìí ìrókò. Ìyàwó mi fà sẹ́yìn.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ so ó. Ẹ tú u."

Mo na ọwọ́. Ewé kan já bọ́ sí mi lọ́rùn. Mo fa ọwọ́ mi padà, èmi tí mo mọ̀ pé ìró ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Ẹ̀yin ọmọ, láyé bàbá mi, ìrókò kò nílò aṣọ. Wọ́n pọ̀, wọ́n jọ dúró ni. Ní báyìí, irọ́ mi ló ń gbé ẹyọ kan ró. Ìró náà ti ń gbó, mo sì ń gbúròó ẹ̀rọ nínú igbó kejì. Ìyàwó mi ti ra òmíràn. Abẹ́ orí ló ń ká a sí tó bá fẹ́ sùn, ṣùgbọ́n mo mọ bí oorun rẹ̀ ṣe wúwo tó.