Ọwọ́ Tí Yóò Wẹ Ọmọ

Lọ́dún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa ní ilé ìtẹ̀wé tí mo wà ní Ṣómólú. Èmi ni mo ń dá iye lé iṣẹ́. Kí oníbàárà tó jókòó, mo ti mọ iye bébà, iye yíǹkì àti èrè ọ̀gá. Ojú ìṣirò yìí náà ni mo fi wo ọrùn ọwọ́ ìyá mi. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Pákó orí gọ́tà níwájú ilé wa ní Abúlé Òkúta ló yọ̀ mọ́ ìyá mi lẹ́sẹ̀ lẹ́yìn òjò kan. Wọ́n fi ọwọ́ ọ̀tún gbélẹ̀, eegun ọrùn ọwọ́ sì kán. Ìrora kọ́ ló ká wọn lára jù. Oyún ìyàwó mi ti pé oṣù márùn-ún, ìyá mi ni yóò sì wẹ ọmọ náà. Gbogbo ọmọ ẹbí wa ni wọ́n ti wẹ̀, kò sí èyí tó yọ bọ́ lọ́wọ́ wọn rí.

“Dókítà, ṣé ọwọ́ yìí á lè wẹ ọmọ?” Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi í ní ọsibítù nìyẹn.

Dókítà ní ọ̀nà méjì ló wà. Bí òun bá ṣe iṣẹ́ abẹ, tí òun fi irin so eegun, ọwọ́ á tètè padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí òun bá fi pí-ò-pí, ẹfun líle tí wọ́n fi ń di eegun, dì í, á pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí eegun bá dúró lójú kan, tí ọdún bá yípo, ìyàtọ̀ ò ní fi bẹ́ẹ̀ sí. Owó iṣẹ́ abẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ilé wa ọdún kan. Owó ọ̀hún wà lọ́wọ́ mi o. N kò ní purọ́ òṣì mọ́ ara mi. Mo kàn ronú pé ta ni í fi owó ńlá ra ohun tí owó kékeré lè rà? Mo ní kó fi pí-ò-pí dì í.

“Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án,” ni dókítà kìlọ̀.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, a padà lọ ya àwòrán eegun. Pí-ò-pí ti rọ̀ bíi búrẹ́dì tí a rì sínú tíì, eegun sì ti yẹ̀. Ojú dókítà le.

“Màmá, ta ló bu omi sí i?”

“Èmi ni. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ṣé ìdajì ọwọ́ ni n ó fi ṣe àlùwàlá síwájú Ọlọ́run mi?”

Ọmọ àáfà ni ìyá mi, Ìsàlẹ̀ Èkó ni wọ́n bí wọn sí. Àáfà àdúgbò wa sọ fún wọn lẹ́yìn náà pé ẹsìn gbà kí aláìsàn fi ọwọ́ tútù pa orí pí-ò-pí lásán. “Mo gbọ́ ọ rí,” ni wọ́n fèsì. “Mo rò pé ti ọ̀lẹ ni.”

Mo ní kí dókítà wá ṣe iṣẹ́ abẹ wàyí, iye yòówù kó jẹ́. Ó ní eegun ti ń so ní wíwọ́, àfi kí òun tún un dá. Ìyá mi ní dídá ẹ̀ẹ̀kan ti tó.

N kò lè bínú sí wọn. Mo ṣírò owó irin, mo ṣírò owó pí-ò-pí, n kò ṣírò bútà omi tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé wa. Ká ní mo ń jí kírun àsùbáà bó ti yẹ ni, ǹ bá ti rí wọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Oorun ni mo ń sùn. Ó dùn mí, ó sì tì mí lójú.

Ọmọ dé. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbé e wálé, ìyá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n tẹ́ ọmọ sí i. Ọwọ́ ọ̀tún kọ̀, kò yí, kò lè di apá ọmọ mú. Ojú wọn pọ́n, ṣùgbọ́n wọn kò sunkún. Wọ́n pè mí.

“Ìwọ oníṣirò, jókòó síbí.”

Bí mo ṣe di ọkùnrin tó ń wẹ ọmọ ní Abúlé Òkúta nìyẹn, tí àwọn aládùúgbò ń yọjú wò mí rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ń darí mi: “Rọra. Fi òróró ra oríkèé rẹ̀.” Nígbà tó kan jíju ọmọ sókè kí àyà rẹ̀ lè le, mo di ọmọ mú ṣinṣin.

“Jù ú,” ni wọ́n wí.

Mo jù ú. Ìyá mi sì tẹ́ ọwọ́ wíwọ́ yẹn, tí kò lè di nǹkan kan mú, sábẹ́ ọmọ mi, kó má baà bọ́ sílẹ̀.