Àdúrà Tí Màmá Gbà Fún Ọkùnrin Inṣọ́ránsì

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí nínú ilé ara mi ní Jahi, ní Àbújá níbí! Mo ti ń rẹ́rìn-ín báyìí o, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, díẹ̀ ló kù kí n bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá mi, ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ni wọ́n ní Kábà kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá bá mi gbé. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, kó mọ èyí: bí iná bá ń jó Màmá nídìí, tí o bá bi wọ́n pé báwo ni, "A dúpẹ́" ni wàá gbọ́.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnìkan ní ọ́fíìsì wa ta mọ́tò rẹ̀ kó lè sanwó nọ́ọ̀sì tó ń wá tọ́jú bàbá rẹ̀ nílé. Ẹ̀rù bà mí! Ṣé ẹ mọ̀ pé inṣọ́ránsì ibi iṣẹ́ wa kò kọjá géètì ọsibítù? Tí wọ́n bá ti ní kí ẹ máa lọ sílé, ó di ọwọ́ yín. Ni mo bá lọ ra àfikún inṣọ́ránsì fún Màmá, èyí tó máa ń sanwó nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé. Màmá ní mò ń fi owó ara mi ránṣẹ́ pe àìsàn. Wọ́n gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n da òróró àdúrà sí i títí ó fi dà bíi bébà tí wọ́n fi wé àkàrà. Orí okùn ni mo sá a sí.

Ọdún yìí ni ohun tí mo ń sá fún wá dé. Níbi ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, Màmá ní àwọn ìyàwó ìwòyí ò mọ ijó jó. Wọ́n ní, "Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín." Wọ́n fi hàn wọ́n lóòótọ́! Egungun ìbàdí ló ṣẹ́.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, wọ́n dá wa padà sílé, iṣẹ́ wá kù sọ́wọ́ mi: kí n gbé wọn, kí n wẹ̀ fún wọn, kí n tún ojú ọgbẹ́ ṣe, kí n tún sáré lọ sí ọ́fíìsì. Ọ̀gá mi ti ń fi ojú burúkú wò mí. Ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì wá ní kí àwọn tó fi nọ́ọ̀sì ránṣẹ́, ẹnìkan gbọ́dọ̀ wá wo Màmá, kó rí i pé lóòótọ́ ni wọn ò lè dá tọ́jú ara wọn. Bí ẹni náà bá sọ pé ara wọ́n le, ó parí nìyẹn. Yálà kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí kí Màmá padà sí Kábà, níbi tí kò sẹ́ni tó máa bu omi fún wọn mu.

Lọ́jọ́ tí ọkùnrin náà fẹ́ wá, mo kàn wọ kíṣìnnì díẹ̀ ni. Kí n tó jáde, Màmá ti ní kí ọkọ mi gbé wọn wá sí pálọ̀. Aṣọ tí wọ́n rán fún Àjíǹde, gèlè, pọ́dà, ìlẹ̀kẹ̀! Ọ̀pá onírin tí wọ́n fi ń rìn ti wà lẹ́yìn kọ́tìnnì. Mo ní Màmá, kí lèyí? Wọ́n ní àlejò kì í bá àwọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ mi ti sá jáde. Àbí kí ló fẹ́ sọ?

Ráṣídì lorúkọ ọmọkùnrin tí wọ́n rán. Ó pẹ́ kó tó dé, ó ní mọ́tò òun wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní Apo. Ó dọ̀bálẹ̀ kí Màmá, ó mú tábúlẹ́ẹ̀tì tó fi ń kọ ìdáhùn jáde, ó ní Màmá nìkan ni kó dáhùn, kí èmi má dá sí i.

Ó bi wọ́n pé ẹsẹ̀ ńkọ́. A dúpẹ́. Ṣé ó ń dùn wọ́n? Olúwa ń bẹ lórí ìtẹ́. Ṣé wọ́n lè dìde fúnra wọn? Nínú agbára Ọlọ́run, àwọn ti dìde! Ó rọra bèèrè ẹni tó ń wẹ̀ fún wọn. Màmá wò ó látòkè délẹ̀: "Ṣé mo jọ ọmọ ọwọ́ lójú tìẹ ni?"

Kai! Mo ṣẹ́jú sí wọn, mo wúkọ́, mo tún wúkọ́. Màmá kọjú sí Ráṣídì, wọ́n ní èmi gan-an ló yẹ kó yẹ̀ wò, pé àyà mi ò dáa.

Ó tẹ nǹkan díẹ̀, ó dìde. Ó rọra sọ fún mi pé kí n má bínú, ohun tí òun rí tí òun sì gbọ́ lòun máa kọ. Màmá bí mi nínú débi pé mi ò lè wo ojú wọn.

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Màmá ké sí i: "Níbo lò ń lọ? Ta ló ń jáde níbí láìgba àdúrà?"

Mùsùlùmí ni Ráṣídì, ṣùgbọ́n ta ló ń kọ àdúrà ìyá? Ó padà wá kúnlẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ lé e lórí. Wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà fún mọ́tò rẹ̀, pé kò ní mọ ọ̀nà Apo mọ́. Wọ́n wá wọnú ọ̀rọ̀ gan-an.

"Ẹsẹ̀ rẹ ò ní dá ọ dúró láàárín ilé bíi tèmi yìí."

"Àmín!"

"Wọn ò ní máa gbé ọ lọ sílé ìgbẹ́ bí àpò iṣu, bí wọ́n ṣe ń gbé mi."

"Àmín o!"

"O ò ní jókòó sórí àga nítorí àlejò, kí ìbàdí máa ta ọ́ bí ata, kí o sì máa rẹ́rìn-ín."

Ráṣídì la ojú kan.

"Ọmọ rẹ ò ní máa wẹ̀ fún ọ kó máa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ sunkún, kí ìwọ náà máa ṣe bí ẹni tí kò rí i."

Àmín yẹn, èmi ni mo ṣe é, pẹ̀lú omi lójú. Ṣé wọ́n ti ń rí mi láti ọjọ́ yìí wá ni?

Ráṣídì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó tún mú tábúlẹ́ẹ̀tì jáde. Ó ní àdúrà yẹn wọ òun lára, kí Màmá jọ̀ọ́ tún un gbà, díẹ̀díẹ̀. Inú Màmá dùn! Wọ́n tún un gbà, wọ́n fi ẹ̀yìn kún un, wọ́n fi orúnkún kún un, wọ́n fi bí àwọn ṣe yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ kún un, èyí tí èmi gan-an ò gbọ́ rí! Bí Ráṣídì ṣe ń ṣe Àmín ló ń tẹ̀ ẹ́.

Nọ́ọ̀sì dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Màmá ti jẹ́rìí lórí fóònù fún gbogbo ìyá ìjọ pé àdúrà ẹ̀ẹ̀kan péré làwọn fi gba nọ́ọ̀sì. Èmi tí mo ti ń sanwó bọ̀ láti ọjọ́ yìí ńkọ́? Wọn ò tiẹ̀ dárúkọ mi!

Ẹ̀yin ará, ẹ ra àfikún nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì ń jó. Ọjọ́ tí ìbàdí bá ṣẹ́, ta ló máa tà á fún yín? Ẹ bèèrè dáadáa bóyá ó máa tẹ̀lé yín délé. Kí ẹ sì bá àwọn òbí yín sọ̀rọ̀ kí àlejò tó dé o!

Èmi ò bi Màmá bóyá ara le mọ́. Láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, mo máa ń kúnlẹ̀ pé kí wọ́n gbàdúrà fún mi, màá sì la etí mi dáadáa. Ẹ̀yin ńkọ́, báwo lẹ ṣe ń mọ ohun tó ń ṣe àwọn òbí yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á. Ẹ má bínú tí mi ò bá tètè dáhùn: láàárọ̀ yìí, Màmá gbàdúrà pé ojú mi ò ní máa rí èèyàn kan ní méjì. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú la wà báyìí.