Ọ̀gá Zühtü àti Adágún Tí Kò Gbọdọ̀ Ní Ènìyàn Nínú

Bí ẹ bá dárúkọ Ọ̀gá Zühtü ní ìlú Mudurnu lónìí, ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ fún yín. Wọ́n á sì ti rẹ́rìn-ín tán kí wọ́n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

Ìgbà ìwọ́wé ni. Ewé ti pọ́n lórí òkè, ó ti já bọ́, ó ti bo ojú àwọn adágún Yedigöller. Ọ̀gá Zühtü gbé kámẹ́rà àtijọ́ rẹ̀ ka orí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ó yọjú wo inú rẹ̀, ó mi orí.

"Vehbi, bá mi mú ìgbálẹ̀ wá nínú ọkọ̀."

Vehbi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń wa ọkọ̀ gbé e kiri, rò pé ejò ló rí. Ejò kọ́ o. Baba ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó wọ inú omi tó tutù bíi yìnyín, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbálẹ̀. Ó gbá etí adágún, ó gbá afárá onípákó, ó tún fi ọ̀pá gígùn wọ́ àwọn ewé tó léfòó wá sí ẹ̀bá omi.

Ibẹ̀ ló wà tí bọ́ọ̀sì ńlá kan fi dé láti Istanbul, tó kún fún àwọn ayafọ́tò. Gbogbo ọ̀nà tí wọ́n rìn, nítorí ewé yẹn ni. Wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n bá omi tó mọ́ bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀, àti baba arúgbó kan tó dúró ti òkìtì ewé.

"Baba! Kí lẹ ṣe yìí? Ewé dà?"

"Òun nìyí. Mo ti kó o jọ fún yín."

"Ewé yẹn la wá yà!"

"Ẹ̀yin ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń yafọ́tò, mi ò ya ẹnikẹ́ni rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ya irun rẹ̀."

Obìnrin kan nínú wọn bú sẹ́kún. Àánú rẹ̀ ṣe baba. Ó bu ewé ẹ̀kúnwọ́ kan, ó fọ́n ọn padà sójú omi, ó ní, "Ṣé ó tó, àbí kí n fi díẹ̀ sí i?" Vehbi ti tan ọkọ̀ kí wọ́n tó pinnu ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ lù.

Ẹ má bú baba. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá mọ̀ ló ń ṣe. Òun nìkan ni ayafọ́tò tí Mudurnu ní nígbà ayé rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣègbéyàwó, ẹni tó ń lọ sójú ogun, ọmọ tó ń wọ ilé ìwé, iwájú aṣọ aláwọ̀ búlúù tó ta sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni gbogbo wọn ti jókòó. Nígbà tó fi iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ tó ní adágún lòun máa yà báyìí, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé adágún kì í ṣe oníbàárà. Létí adágún Abant, Vehbi gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara rẹ̀ tó ń bá òkè sọ̀rọ̀: "Má fajú ro. O ò sí níbi òkú." Ó yíjú sí kùrukùru: "Ìwọ, ta ló pè ọ́? Kì í ṣe fọ́tò ẹbí."

Pẹ́pẹ́yẹ ló fi ojú rẹ̀ rí màbo jù. Ọ̀kan ń wẹ̀ kiri, ó ń da omi rú. Baba fi búrẹ́dì bẹ̀ ẹ́ kó lọ. Ó jẹ búrẹ́dì, ó lọ, ó sì lọ pe ìyá, bàbá, àna àti gbogbo aládùúgbò rẹ̀ wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ lé wọn!" ni Vehbi wí.

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ lé wọn? Èmi náà ni mo pè wọ́n jẹun." Ó gé búrẹ́dì tó kù fún wọn. Ebi pa òun àti Vehbi délé.

Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó ń dun baba lọ́kàn. Kò sí ilé kan ní Mudurnu tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò sí, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan. Orúkọ ẹni tó wà nínú fọ́tò ni wọ́n ń kọ sábẹ́ fọ́tò. Ta ló ń béèrè ẹni tó yà á? Nígbà tí ìlú wá kọ́ ilé àṣà tuntun, Sevgül, ọmọbìnrin tó ń bójú tó o, wá sọ́dọ̀ rẹ̀, ó ní ògiri tó kọjú sẹ́nu ọ̀nà, tiyín ni, baba. Fọ́tò adágún kan ṣoṣo, orúkọ yín gàdàgbà lábẹ́ rẹ̀.

"Ṣùgbọ́n adágún nìkan o," ni Sevgül wí. "Ènìyàn kankan ò gbọdọ̀ sí nínú rẹ̀. Àwọn ará ibí ti wo ojú ara wọn sú."

"Ìyẹn le ni?" ni baba wí.

Ó le. Ó le ju bó ṣe rò lọ. Níbi gbogbo tó bá ti gbé kámẹ́rà kalẹ̀, àwọn tó wá yan ẹran létí omi á rí i. "Ọ̀gá Zühtü! Ẹ̀yin lẹ yà wá nígbà ìgbéyàwó wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ya ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ." Wọ́n á ti ki tíì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó ti mu tíì ènìyàn, ẹnu wo ló fẹ́ fi kọ̀? Tó bá délé, Makbule ìyàwó rẹ̀ á na fọ́tò síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Adágún dà?"

"Wò ó dáadáa. Ó wà lẹ́yìn etí bàbá yẹn."

Ìwọ́wé kan kọjá, òmíràn tún kọjá, ògiri Sevgül ṣì ṣófo. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, ọkàn baba ti ń ṣàìsàn, dókítà sì ti sọ fún Makbule pé kó má retí ìwọ́wé mìíràn. Makbule pe Vehbi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Bó o bá jẹ́ kó ya ènìyàn lọ́tẹ̀ yìí, má wá mu tíì nílé mi mọ́."

Vehbi búra. Kí wọ́n tó dé adágún Karagöl, baba ti ya ẹni tó ń ta epo mọ́tò, ó ti ya tọkọtaya kan tí táyà wọn jò. Fíìmù ku ẹyọ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ fẹ́ kí Makbule pa mí ni?"

"Táyà wọn jò, Vehbi. Kí n tún wá fi fọ́tò dù wọ́n?"

Vehbi fi ọkọ̀ dí ẹnu ọ̀nà adágún. Ìdílé kan dé pẹ̀lú ẹran àti èédú, Vehbi ní béárì wà níbẹ̀. "Béárì? Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó!" Ó ní béárì náà lárùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n padà.

Nígbà tí Vehbi padà sétí omi, kò sí ẹyọ ènìyàn kan. Atẹ́gùn ti dá. Òkè, igi pupa àti ojú ọ̀run sùn sínú omi láìmì. Vehbi ò rí irú rẹ̀ rí. Baba yọjú wo kámẹ́rà títí.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn tó dé!"

"Vehbi, lọ dúró síbẹ̀ yẹn."

"Èmi? Ẹ̀gbọ́n, ògiri ńkọ́? Orúkọ yín ńkọ́?"

"Gbogbo ìlú ni mo ti yà. Ìwọ tó ń gbé mi kiri, mi ò yà ọ́ rí, àfi ti ìwé ìwakọ̀. Ìyẹn ò jọ ọ́ rárá. Lọ dúró, ẹsẹ̀ ń dùn mí."

Vehbi bẹ̀ ẹ́, ó bínú, ó tún bẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn, ó lọ dúró, kò mọ ibi tó máa gbé apá rẹ̀ sí. Omijé ti kún ojú rẹ̀, ló bá dijú. Ìgbà yẹn gan-an ni kámẹ́rà dún.

Ọ̀gá Zühtü kú kí yìnyín tó yọ́ lórí òkè. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere.

Lẹ́yìn ọjọ́ ogójì, Sevgül wá rí fọ́tò náà. Ẹnu yà á. "Adágún tó dára báyìí! A lè yọ Baba Vehbi kúrò nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ á ṣe é, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀."

"Ẹ yọ mí," ni Vehbi wí kíá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ mí. Kí orúkọ ẹ̀gbọ́n mi lè dé ògiri."

Makbule gba fọ́tò lọ́wọ́ Sevgül. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó wo Vehbi.

"Ọmọ mi, o ṣeun," ló wí fún Sevgül. "Ọkọ mi ò ya adágún."

Ó fi gègé kọ orúkọ ọkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó gbé e kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀. Vehbi ṣì ń wá mu tíì níbẹ̀. Àlejò tó bá dé á ní adágún yìí mà dára o, ó kù díẹ̀ káàtó pé baba kan lọ dúró gbagidi sáàárín rẹ̀, ó tún dijú. Vehbi á ní òótọ́ ni, òun ló bà á jẹ́. Lẹ́yìn náà á wá yíjú sí fèrèsé, nítorí pé títí di òní, kò tíì mọ bí ènìyàn ṣe ń fara dà á pé ẹnì kan fẹ́ràn òun tó bẹ́ẹ̀.